Ẹ̀rín Lẹ́nu Asọ̀tàn: Bí Àwàdà Nípa Ikú àti Ìyà Ṣe Ń Di Àánú Nínú Sinimá Kàtúùnù Kúkúrú

Àwọn àgbà tí wọ́n ti rí ilẹ̀ ayé kí àwa tó dé inú rẹ̀ ni wọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à á fi í rín; wọn kò sì sọ ọ́ nítorí pé wọn kò mọ iyì ẹkún, wọ́n sọ ọ́ nítorí pé wọ́n ti sunkún títí omijé fi gbẹ lójú wọn, tí wọ́n sì rí i pé ẹni tí òfò ṣẹ̀, tí ó sì ṣẹ́kù sáyé, kò gbọdọ̀ torí òfò di òkú òòró. Ní ayé òde òní, iṣẹ́ ọnà kan wà tí ó di òye yìí mú ṣinṣin ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà mìíràn lọ, ìyẹn ni sinimá àwòrán kúkúrú tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí kàtúùnù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ohun tí a fi ń tan ọmọdé jẹun ni, pé ológbò tí ń lé eku àti ehoro tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ni gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn kàtúùnù ni a ti ń rí àwọn kan tí kò gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún lọ, tí wọ́n ń sọ ìtàn aláìsàn àti arúgbó, opó àti ọmọ òrukàn, tí ẹni tí ń wò wọ́n yóò sì máa rẹ́rìn-ín títí tí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyí ń gbà tí ẹ̀rín àti omijé fi ń jáde láti ojúsun kan náà. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn, ohùn kan wà tí a ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn asọ̀tàn tí a kì í sábà rí ojú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ mi sì ni pé ọwọ́ ohùn náà ni àṣírí wà. Àwòrán a máa fi ìyà hàn wá, ọ̀rọ̀ a máa pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìṣesí ohùn tí ń sọ ọ̀rọ̀ náà ni ó ń pinnu bóyá ẹ̀rín wa yóò jẹ́ ti ìkà tàbí ti aláàánú.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú àwàdà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwàdà ojoojúmọ́ a máa gbà wá lọ́wọ́ ìbànújẹ́ fún ìgbà díẹ̀. A ó gbàgbé gbèsè, a ó gbàgbé àìsàn, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì padà sí ìdí gbèsè àti àìsàn wa. Àwàdà dúdú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ni yóò fà wá lọ́wọ́ lọ bá àwọn ohun tí a ń sá fún gan-an: ikú tí í pa ọba tí í pa ìwọ̀fà, tí kì í gba ẹ̀bẹ̀ arẹwà, tí kì í bu ọlá fún olówó, àìsàn tí í sọ alágbára di ẹni tí à ń bọ́ ní ṣíbí, ogbó tí í gba orúkọ ọmọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, àti ìdáwà tí í jókòó ti ènìyàn láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Síbẹ̀, ikú fúnra rẹ̀ kì í pani lẹ́rìn-ín. Bí ayé ṣe ń bá ìṣe rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikú ni ó ń pani lẹ́rìn-ín: olóògbé ti dákẹ́, ìkòkò ọbẹ̀ tí ó gbé kaná ṣì ń hó, ọmọ ń sunkún baba rẹ̀, akọ̀wé ìjọba ń béèrè fọ́ọ̀mù tí baba náà gbàgbé láti fọwọ́ sí. Nǹkan kékeré wọ̀nyí, tí wọn kò mọ̀ pé nǹkan ńlá ti ṣẹlẹ̀, ni àwàdà dúdú ń ṣà jọ, kò sì sí ẹni tí ó ti ṣòfò rí tí kò ní jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn rí.

Bí a bá wá wo bí a ṣe ń ṣe sinimá wọ̀nyí, pàápàá jù lọ àwọn tí a fi amọ̀ mọ, a ó rí ìdí tí asọ̀tàn fi di ẹni pàtàkì nínú wọn. Amọ̀ tí wọ́n ń lò kì í ṣe èyí tí í gbẹ. Ó jẹ́ èyí tí a lè máa tẹ̀ kí a sì máa nà lójoojúmọ́, wọn a sì máa fi wáyà ṣe egungun sínú ère náà kí ó má baà wó. Wọn yóò gbé ère sí iwájú kámẹ́rà, wọn yóò ya fọ́tò kan. Wọn yóò sún apá rẹ̀ díẹ̀, wọn yóò tún ya òmíràn. Báyìí ni wọn yóò máa ṣe títí. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ni ó ń kọjá lójú wa nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, bí wọ́n bá tilẹ̀ jẹ́ kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan dúró fún méjì, 12 ni wọn yóò yà fún ìṣẹ́jú àáyá náà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé sinimá oníṣẹ́jú 23 yóò gba fọ́tò tí ó ju 16,000 lọ. Òṣìṣẹ́ lè dúró láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó má rí ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ mú jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ẹni tí kò bá sì ní sùúrù kò gbọdọ̀ dán iṣẹ́ náà wò.

Èkíní ni pé, nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ó dédé wà níbi tí ó wà. Ẹni tí ó bá gbé kámẹ́rà lọ sí ìgboro lè bá eṣinṣin pàdé láìrò ó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú sinimá amọ̀, bí eṣinṣin bá bà lé etí ife tíì olóògbé, ọwọ́ ènìyàn ni ó mọ ọ́n, ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e bà. Nítorí náà, ohun ẹ̀rín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tí a ti rò jinlẹ̀. Èkejì ni pé, láti mú kí ère sọ̀rọ̀, ènìyàn ní láti máa pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ fún ìró kọ̀ọ̀kan tí ó bá pè, iṣẹ́ àṣelàágùn ni èyí. Ṣùgbọ́n bí asọ̀tàn bá gba ọ̀rọ̀ sọ, ère lè dákẹ́ kí ó máa wò wá, kí ó máa ṣẹ́jú, kí ó sì jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ẹ̀kẹta ni pé ìṣẹ́jú kò pọ̀: ẹni tí yóò fi ìṣẹ́jú 20 sọ ìtàn ènìyàn láti ọjọ́ ìbí títí dé ibojì kò lè fi gbogbo rẹ̀ hàn, asọ̀tàn sì lè fi gbólóhùn kan fò ọdún mẹ́wàá. Àìní ni ó kọ́kọ́ gbé asọ̀tàn wọ inú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọlé tán, wọ́n rí i pé ọba ni àlejò náà.

Wọn a sábà gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó parí iṣẹ́ lórí àwòrán, wọn a sì wọn gígùn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ iye fọ́tò tí yóò gbà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n ń wọn ìdákẹ́jẹ́ pẹ̀lú. Nítorí pé nínú àwàdà dúdú, ìdákẹ́jẹ́ tí ó tẹ̀ lé ìròyìn ibi ni ó ń fún òǹwòran láyè láti rẹ́rìn-ín, bí ó bá sì gùn díẹ̀ sí i, ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni yóò fún un láyè láti kábàámọ̀ ẹ̀rín náà.

Láàárín àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú, n kò mọ ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ bí kò ṣe Adam Elliot, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, tí a bí ní 1972. Baba rẹ̀ ti fi ìgbà kan rí jẹ́ apanilẹ́rìn-ín tí ń tàkìtì fún àwọn èrò ìwòran. Òun fúnra rẹ̀ sì jogún àìsàn kan tí í máa mú kí ọwọ́ ènìyàn gbọ̀n, tí ó fi jẹ́ pé ilà tí ó bá fà kì í gún, ère tí ó bá mọ kì í dán. Kò fi ọwọ́ gbígbọ̀n yìí pamọ́. Ó sọ ọ́ di àmì iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn amọ̀ rẹ̀ a máa wọ́, ojú wọn a yọ síta, orí wọn a tóbi ju ọrùn lọ, a sì lè máa rí ipa ìka lára wọn. Ilé ẹ̀kọ́ Victorian College of the Arts ní ìlú Melbourne ni ó wà ní 1996 nígbà tí ó ṣe sinimá rẹ̀ kìíní, Uncle. Ó ṣe Cousin tẹ̀ lé e ní 1998, ó sì fi Brother kádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1999.

Sinimá mẹ́ta wọ̀nyí kò pariwo rárá. Ènìyàn amọ̀ kan yóò dúró, yóò kọjú sí wa, yóò máa ṣẹ́jú. Òṣèré William McInnes ni yóò sì máa sọ ìtàn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ń yẹ àwòrán àtijọ́ wò. Ìtàn ẹbí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: arákùnrin òbí, ọmọ arákùnrin òbí tí a bí pẹ̀lú àbùkù ara, àti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí ikọ́-fée ń dà láàmú, tí ó sì ń fi aṣọ bo ojú kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ọgbọ́n yìí dáadáa. Bí àjèjì bá rẹ́rìn-ín aláàbọ̀ ara, ó bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá tí ó bá a sùn lórí ẹní kan, tí ó mọ bí ó ṣe ń gbóòórùn, tí ó mọ ohun tí ó ń kó jọ sábẹ́ ibùsùn àti ohun tí ó ń bà á lẹ́rù lóru, ní àṣẹ láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, nítorí pé ẹ̀rín rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀. Nípa sísọ asọ̀tàn di ọmọ ilé, Elliot ti gba àṣẹ fún àwa náà. Òǹwòran wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó sì jáde gẹ́gẹ́ bí ìbátan.

Iṣẹ́ tí ó gbé orúkọ rẹ̀ dé gbogbo ayé ni Harvie Krumpet, tí ó jáde ní 2003, tí ó gùn tó ìṣẹ́jú 23, tí ó sì gba ẹ̀bùn Oscar fún sinimá àwòrán kúkúrú ní oṣù Èrèlé ọdún 2004. Geoffrey Rush, òṣèré ńlá ọmọ Ọsirélíà kan náà, ni asọ̀tàn rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí a bí ní ilẹ̀ Pólándì ní 1922, tí orí rẹ̀ kò bá a gbé ire púpọ̀ wá sáyé. Ọpọlọ ìyá rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ìyá náà ni ó kọ́ ọ ní àwọn òtítọ́ kéékèèké nípa ayé tí ó ń kọ sínú ìwé kan tí ó so mọ́ ọrùn. Àrùn Tourette ń bẹ lára rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé kò lè ṣe kí ó má fi ìka kan imú ẹni tí ó bá pàdé. Òbí rẹ̀ kú, ogun Hitler dé, ó sá lọ sí Ọsirélíà, àrá sán lù ú kò kú, àrùn jẹjẹrẹ gba ọ̀kan nínú kóró ẹpọ̀n rẹ̀, ó fẹ́ nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Val, wọ́n gba ọmọbìnrin kan tọ́, Ruby, tí oògùn thalidomide ti bà jẹ́ lápá láti inú oyún, ọmọ náà dàgbà, ó di agbẹjọ́rò, Val kú, ọkùnrin náà sì bá ara rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, níbi tí àrùn Alzheimer ti ń jí ìrántí rẹ̀ kó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó bá ka àkójọ ìyà yìí bí mo ti tò ó yóò sọ pé kí ni ẹ̀rín wá ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó gbà wọlé, ohùn Geoffrey Rush ni ó sì di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú.

Ìkínní ni ìtútù ohùn. Asọ̀tàn kò sunkún, kò kígbe, kò sọ fún wa pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ burú. Bí ó ti ń sọ pé ọkùnrin náà rí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń sọ pé àrá sán lù ú. Ẹyẹ kò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, asọ̀tàn yìí náà kì í kìlọ̀. Àgbákò a dé láàárín gbólóhùn, yóò kọjá, ìtàn yóò sì máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àgbákò ṣe ń dé sí wa nínú ayé. Bí asọ̀tàn bá ti ké ẹkún tirẹ̀ tán, kí ni ó kù fún òǹwòran láti ké? Nítorí pé ó pa tirẹ̀ mọ́ra, àwa ni a ń gba ẹkún náà ṣe.

Ìkejì ni pípín iṣẹ́ láàárín ẹnu àti àwòrán. Asọ̀tàn tí ó mọṣẹ́ kì í sọ ohun tí ojú ti rí. Bí àwòrán bá ń fi ìyà hàn, ẹnu yóò máa sọ ohun wẹ́wẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyà náà. Bí ẹnu bá ń sọ ohun tí ó burú, àwòrán yóò máa fi ojú ènìyàn amọ̀ hàn wá, tí ó ń ṣẹ́jú láìmọ̀kan, tí ó ń retí ire síbẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín ohun tí a gbọ́ àti ohun tí a rí ni ẹ̀rín ti ń hù. Bí méjèèjì bá ń sọ ohun kan náà, ìwàásù ni yóò dà. Bí méjèèjì bá jìnnà sí ara wọn jù, òǹwòran kò ní mọ ibi tí a ń mú un lọ.

Ìkẹta, tí ó sì ṣòro jù, ni pé kò sí àbùkù kan tí a dárúkọ nípa ọkùnrin náà tí a kò dárúkọ ìfẹ́ kan tẹ̀ lé. Ó ń fi ìka kan imú àwọn ènìyàn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí ẹni tí ó fẹ́ ẹ pẹ̀lú ìka náà. Apá ọmọ rẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n a kò rẹ́rìn-ín Ruby. Àwọn tí ń wò ó níwò ìyanu ni ọ̀rọ̀ kàn. Àní nígbà tí ère Horace, akéwì ilẹ̀ Róòmù àtijọ́, ṣí ẹnu gba ọkùnrin náà nímọ̀ràn pé kí ó má jẹ́ kí òní ṣòfò mọ́ òun lọ́wọ́, ohun ẹ̀rín ni pé òkúta ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ọkùnrin náà gbà á, ó ń bọ́ aṣọ lára rìn, ó ń dá àwọn ẹran sílẹ̀, ó ń gbé ayé. Òpin sinimá náà kò sọ fún wa pé ìyà dára. Ohun tí ó sọ ni pé ayé tí ó kún fún ìyà ṣì jẹ́ ayé, ẹni tí ó ni ín sì ní ẹ̀tọ́ láti lò ó tán.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, kì í sì í ṣe gbogbo asọ̀tàn ni ohùn rẹ̀ tutù bẹ́ẹ̀. Ní 1982, nígbà tí Tim Burton ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Disney ní Amẹ́ríkà, ó ṣe sinimá ère oníṣẹ́jú mẹ́fà kan tí kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ, tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Vincent. Ọmọ ọdún méje ni akọni rẹ̀, tí ó fẹ́ dà bí Vincent Price, òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ sinimá adẹ́rùbani. Vincent Price gan-an ni ó sì sọ ìtàn náà, ní ewì. Ohùn tí ó ti dẹ́rù ba àwọn òbí ọmọ náà nínú sinimá mìíràn ni ó wá ń ròyìn bí ọmọ kékeré ṣe ń rò pé wọ́n ti sin ìyàwó òun láàyè, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó jáde lọ ṣeré nínú oòrùn. Níhìn-ín, títóbi ohùn àti kíkéré ọ̀ràn ni ó ń pani lẹ́rìn-ín. Asọ̀tàn kò fi ọmọ náà ṣẹ̀sín, ó ń bá a gbé ẹ̀rù rẹ̀ ní gbogbo bí ó ti wúwo tó lọ́kàn ọmọdé.

Àwọn ará ilẹ̀ Ireland gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Granny O'Grimm's Sleeping Beauty, tí Nicky Phelan darí ní 2008, tí Kathleen O'Rourke sì fi ohùn sí, ìyá àgbà kan ni asọ̀tàn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni olùgbọ́, ibùsùn ọmọ náà ni gbàgede. Ìyá àgbà ní òun fẹ́ pa ìtàn ọmọ ọba tí ó sùn fọnfọn fún un kí ó lè sùn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ arúgbó inú ìtàn, tí wọn kò pè sí ayẹyẹ, fi di ọ̀rọ̀ ìyá àgbà fúnra rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀sí tí ayé ọ̀dọ́ ti fi kàn án ni ó ń tú jáde, ọmọ náà sì di aṣọ mú, ojú rẹ̀ là kedere. Ìtútù ohùn kò sí níbẹ̀, ìbínú ni ó wà, a sì ń rẹ́rìn-ín asọ̀tàn dípò ẹni tí ó ń sọ ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rẹ́rìn-ín tán, a ó rántí pé òótọ́ ni arúgbó náà sọ: a kì í pè wọ́n.

Ti Torill Kove, ọmọ Nọ́wè tí ó ń gbé ní Kánádà, tún rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. The Danish Poet, tí ó ṣe ní 2006, tí òṣèré Liv Ullmann sọ ìtàn rẹ̀, tí ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní 2007, jẹ́ ìtàn ìfẹ́ akéwì kan àti ọmọ àgbẹ̀ kan tí orí ń yà sọ́tọ̀ tí orí sì tún ń mú pàdé. Ibi ìsìnkú Sigrid Undset, ìlú-mọ̀ọ́ká òǹkọ̀wé ilẹ̀ Nọ́wè, ni wọ́n ti tún rí ara wọn. Ikú ẹnì kan di ìpàdé ẹlòmíràn, asọ̀tàn kò sì rí ohun àjèjì nínú rẹ̀. Ohùn ìyá tí ń la ìran fún ọmọ ni ó fi sọ ọ́, ìyá tí ó mọ̀ pé ìran kò sí tí kò bá òkú àti àṣìṣe kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí agbára asọ̀tàn lè dé, kí ó lọ wo iṣẹ́ Don Hertzfeldt, ọmọ ìpínlẹ̀ California. Kò fi amọ̀ mọ nǹkan. Ọwọ́ ni ó fi ń ya ènìyàn rẹ̀ sórí ìwé, ènìyàn tí ara rẹ̀ kò ju ilà díẹ̀ lọ, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé jẹ́léósinmi lè yà, ó sì ń fi ògbólógbòó kámẹ́rà ya àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Sinimá kúkúrú mẹ́ta ni ó ṣe nípa ọkùnrin onífìlà kan tí ń jẹ́ Bill, ní 2006, 2008 àti 2011, kí ó tó so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan ní 2012 lábẹ́ àkọlé It's Such a Beautiful Day. Òun fúnra rẹ̀ ni asọ̀tàn. Àìsàn kan ń jẹ ọpọlọ Bill. Ohùn asọ̀tàn ń ròyìn ohun tí ó ń rí àti ohun tí ó ń gbàgbé, ó ń ròyìn ìran rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn kú ikú ẹ̀sín, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹlẹbẹ kan tí kò ga tí kò lọ sílẹ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ohun tí ó ń sọ ń yani lẹ́nu ju bí ó ti ń sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí ó wá di òpin, tí Bill dùbúlẹ̀ tí a sì mọ̀ pé ó ń kú lọ, asọ̀tàn tí kò fi ìgbà kankan dá sí ọ̀ràn náà ṣàdédé kọ̀. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, Bill kò ní kú. Ó gbé e dìde, ó mú un rìn kárí ayé, ó fún un ní ọdún tí kò lópin, ó jẹ́ kí ó kọ́ gbogbo èdè, kí ó ka gbogbo ìwé, kí ó pẹ́ sáyé ju ìlú àti ìran ènìyàn lọ, títí tí àwọn ìràwọ̀ fi ń kú lójú rẹ̀. Ó pani lẹ́rìn-ín, nítorí pé irọ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò sí. Ó sì fọ́ni lọ́kàn, nítorí pé a mọ̀ pé kò sí àwáyé-àìkú, a sì mọ̀ pé asọ̀tàn náà mọ̀. Gbogbo ìtútù tí ó ti fi pa ohùn mọ́ látẹ̀yìnwá ni ó ná sí ibi kan ṣoṣo yìí. Bí ó bá ti ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀, kíkọ̀ rẹ̀ kì bá ti ní ìwúwo kankan. Nítorí pé ó ti ń sọ òtítọ́ láìfì síhìn-ín láìfì sọ́hùn-ún, irọ́ kan tí ó wá pa nítorí ìfẹ́ mì wá dé ìpìlẹ̀.

Èyí mú mi dé ibi tí iṣẹ́ yìí ti léwu. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ni ó sì ti rí i pé àwọn mìíràn fi ikú àti àìsàn pa ayé lẹ́rìn-ín, tí wọ́n rò pé kò sí ohun tí ó kù ju kí àwọn náà kó òkú jọ kí àwọn sì máa rẹ́rìn-ín. Irú wọn dà bí ẹni tí a ní kí ó kín ni lẹ́yìn, tí ó fi ẹ̀gún sí ọwọ́. Ọ̀nà tí mo fi ń dá ojúlówó mọ̀ ni kí n béèrè pé, ẹ̀rín yìí, orí ta ni ó ń já lé? Bí ó bá já lé orí ẹni tí ìyà ń jẹ nítorí pé ìyà ń jẹ ẹ́, ìkà ni ẹni tí ó ṣe é, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ ọnà tó. Bí ó bá já lé orí àyànmọ́ tí kò mọ ẹni rere, tàbí lé orí àwùjọ tí ń wo aláàbọ̀ ara bí ẹni wo ìran, tàbí lé orí ìbẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn àwa tí ń wò ó, iṣẹ́ náà ti gbé ẹrù kan kúrò lórí ẹni tí ìyà ń jẹ. Ìbéèrè kejì sì tẹ̀ lé e: bí a bá yọ gbogbo ẹ̀rín kúrò nínú ìtàn náà, ǹjẹ́ ènìyàn ṣì kù níbẹ̀? Bí a bá yọ ẹ̀rín kúrò nínú Harvie Krumpet, ọkùnrin kan tí ó ní ìwé lọ́rùn, ìyàwó, ọmọ àti ìbéèrè nípa ìdí tí òun fi wáyé ni yóò ṣẹ́kù. Nínú ayédèrú, kò sí ohun tí yóò ṣẹ́kù àfi ọgbẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú sinimá yìí, ì báà jẹ́ amọ̀ ni yóò fi ṣe é, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ó má ṣe kọ́kọ́ wá ohun tí yóò pani lẹ́rìn-ín. Kí ó wá ènìyàn kan tí yóò fẹ́ràn, kí ó mọ ohun tí ó ń jẹ, ohun tí ó ń kó pamọ́, ohun tí ó ń bẹ̀rù àti ọ̀rọ̀ tí ó máa ń wí nígbà tí kò bá sí ẹni tí ń gbọ́. Lẹ́yìn èyí, kí ó pinnu ẹni tí asọ̀tàn jẹ́ sí ènìyàn náà, bóyá ọmọ ìyá, bóyá aládùúgbò, bóyá ẹni náà fúnra rẹ̀ tí ó ti dàgbà, nítorí pé ìbátan ni í fúnni ní àṣẹ ẹ̀rín. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ó kà á sókè, kí ó gé gbogbo ibi tí asọ̀tàn ti ń káàánú ara rẹ̀ tàbí tí ó ń sọ ohun tí àwòrán ti sọ, kí ó sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ ní àyè tirẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé ẹ̀rín yóò wá fúnra rẹ̀, nítorí pé kò sí ayé ènìyàn tí a wò fínnífínní tí kò ní ohun ẹ̀rín nínú.

Bí a bá ń sunkún, a a máa ríran, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyí sì ń ràn wá lọ́wọ́ láti rí ni ènìyàn tí ó wà lẹ́yìn ìyà. Arúgbó tí ó ti gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, ọmọ tí apá rẹ̀ kúrú, ọkùnrin tí kò lè ṣe kí ó má fọwọ́ kan imú ẹlòmíràn, ojú àánú tí a fi ń wò wọ́n ní ìgboro a máa jẹ́ kí a yára kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá wọn rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú 23 kò lè kọjá bẹ́ẹ̀ mọ́, yóò dúró, yóò kí wọn, yóò sì béèrè bí wọ́n ṣe jí.